Ọjọ́ Tí Mo Bá Àwẹ̀ró Wo Ẹyẹ Ní Igbó Ìdágbére

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi furúùtù yìí, ẹ̀yin obìnrin tí ẹ gbé agbọ̀n ẹja kalẹ̀ láti sinmi díẹ̀, ẹ yá mi ní etí yín títí oòrùn yóò fi kúrò lórí òrùlé yẹn bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ìtàn ìgboyà. Ẹ ti gbọ́ ìtàn ìgboyà lẹ́nu mi tó; ẹ ti gbọ́ bí ẹfọ̀n ṣe gbé mi sórí ìwo kọjá odò, ẹ sì ti gbọ́ bí erè ṣe wé mọ́ mi láti orúnkún dé ọrùn tí mo sì tún padà wá jẹ oúnjẹ alẹ́ nílé. Ti òní yàtọ̀ sí wọn. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi gbé e sínú, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi obìnrin kan ṣoṣo, ẹ̀yin náà ni ẹ sì bá mi sin obìnrin náà ní oṣù tí ó kọjá. Nígbà tí ó ti lọ, èmi nìkan ni ó kù tí ó mọ ìtàn náà, mo sì ti darúgbó ju ẹni tí í máa dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rù.

Ọdẹ́jìmí ni orúkọ mi, bí gbogbo yín ti mọ̀, ní Ebúté-Ìrọ̀rùn yìí ni wọ́n sì bí mi sí, níbi tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun, tí omi ń dùn ní àárọ̀ tí iyọ̀ sì ń wọ inú rẹ̀ ní ọ̀sán. Ní ìgbà tí mò ń wí yìí, apá mi le, ojú mi mú, kò sì sí ẹran tí mo fojú sùn tí ó tún rí ìrọ̀lẹ́. Àyìnkẹ́ ni ìyàwó mi. Ọdún mẹ́wàá ni a fi wà pa pọ̀ kí ẹkún ọmọ tó dún nínú ilé wa, nígbà tí ó sì dún, obìnrin ni, a sọ ọ́ ní Àwẹ̀ró. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì dàgbà nígbà náà kò mọ Àwẹ̀ró. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó dúdú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì fẹ́ràn ẹyẹ ju bí ọmọdé ti ń fẹ́ràn oúnjẹ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ mú wọn. Wíwò lásán ni ó fẹ́ máa wò wọ́n. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ta òkòtó, òun yóò lọ jókòó sórí gbòǹgbò igi ẹ̀gbà kan ní etí omi, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbá orúnkún mọ́ra, yóò sì wà níbẹ̀ títí ìyá rẹ̀ yóò fi pè é wọlé.

Ẹ mọ̀ pé nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, àwọn ẹyẹ kan a máa ti òkèèrè wá bá wa ní etí ọ̀sà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí kò sí ẹni tí ó rí ìtẹ́ wọn rí nítorí wọn kì í yé ẹyin lọ́dọ̀ wa. Àlejò ni a ń pè wọ́n. Wọn a wà pẹ̀lú wa títí di oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń múra àti rọ̀. Nígbà náà ni wọn a kó ara wọn jọ sórí iyanrìn tí ó wà láàárín ẹnu odò, wọn a gbéra, wọn a sì kọjá lórí òrùlé wa lọ sí apá àríwá. Àwẹ̀ró ti sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ. Èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn tí ó sì tẹ̀ wá sílẹ̀ ni Onídòjé. Èyí tí kò ju òròmọdìẹ lọ, tí ó ń sá fún ìgbì nígbà tí ìgbì bá ń bọ̀, tí ó sì ń sá tẹ̀lé e nígbà tí ó bá ń padà, Sáfómi ni. Èyí tí ń fi ẹnu gún ẹrẹ̀ kíákíá bí ẹni tí iṣẹ́ aṣọ ọdún wà lọ́rùn rẹ̀ ni Aránṣọ, èyí tí ó sì ń ti òkè já lulẹ̀ sínú omi tí ó ń gbé ẹja jáde ni Jábọ́.

Ní ọdún tí ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń nu ìbọn.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yin ìbọn sí àwọn àlejò ní oṣù yìí. Oúnjẹ ọ̀nà ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ti sanra, àyà àwọn mìíràn sì ti pọ́n bí osùn. Wọ́n fẹ́ lọ ni."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní n kò ní í yìn ín.

Ó tún ní, "Ẹ jẹ́ kí á jọ lọ wò wọ́n lórí iyanrìn ní ọjọ́ tí wọn yóò lọ. Láti etí omi níbí, n kì í rí wọn dáadáa. Mo ti ń ka ọjọ́. Ọ̀tunla ni."

Mo ní, "Ọ̀tunla, èmi pẹ̀lú rẹ ni. Èmi ni n óò tu ọkọ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kékeré ni lẹ́nu bàbá, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Ní ọjọ́ kejì, ìránṣẹ́ dé láti ìlú kejì pé ẹnìkan fẹ́ jẹ oyè, wọ́n ń wá ẹran ńlá, wọ́n sì ti gbọ́ pé èmi ni kì í tàsé. Orí mi wú. Kí ilẹ̀ ọ̀tunla tó mọ́ dáadáa, mo ti gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo gba ẹ̀yìn ilé jáde kí ọmọ má bàa rí mi, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé ẹyẹ kò ní í tán nílé ayé, pé bí ti ọdún yìí bá kọjá, ti ọdún tí ń bọ̀ wà níbẹ̀. Mo pa ẹfọ̀n ní ọjọ́ náà. Wọ́n fi orin pàdé mi lọ́nà. Bí mo ti ń wọ ìlú mi ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹnu mi sì kún fún ìròyìn, mo rí àwọn ènìyàn ní èbúté, gbogbo wọn kọjú sí omi, kò sì sí ẹni tí ó yíjú wò mí.

Àwẹ̀ró ti dúró dè mí títí oòrùn fi kan àtàrí. Lẹ́yìn náà ni ó tu ọkọ̀ kékeré wa lọ fúnra rẹ̀. Ní àkókò náà omi ń fà lọ sínú òkun, agbára rẹ̀ sì kọjá ti ọmọdé. Àwọn apẹja rí ọkọ̀ náà tí ó dojú dé ní òdì kejì ẹnu odò. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wá a, a kò rí ohunkóhun.

Àyìnkẹ́ kò bá mi jà, ìbá sì ti sàn fún mi bí ó bá bá mi jà. Ó ń dáná, ó ń bu oúnjẹ síwájú mi, ó ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi mọ́, bí mo bá sì wọlé, yóò rí ìdí kan láti jáde. Mo ní nínú ara mi pé ó ti dá mi lẹ́bi, mo sì gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. N kò bi í ní nǹkankan. Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì ṣe ń gbé inú ilé kan náà bí ẹni tí kò gbọ́ èdè ara wọn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ìyá Dẹ̀hìndé ránṣẹ́ pè mí. Arúgbó ni, ẹja ni ó ń yan ní ìpẹ̀kun ìlú, èéfín sì ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n títí ayé. Omi ni ó gbé ọmọ tirẹ̀ náà, Dẹ̀hìndé tí wọ́n fi ń pè é, nígbà tí ìyá náà ṣì wà ní ọ̀dọ́.

Ó ní, "Ọdẹ́jìmí, ọmọ mi, jókòó. Àwọn tí omi gbé ní ẹnu odò yìí kì í lọ tààrà. Igbó kan wà lẹ́yìn àwọn ẹ̀gbà, Igbó Ìdágbére ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ tí omi bá fà jù lọ nínú oṣù, ojú ọ̀nà rẹ̀ a hàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí pẹ̀lú àwọn ẹyẹ títí atẹ́gùn wọn yóò fi dé, wọn a sì bá wọn lọ. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ti lọ ní ọjọ́ tí ọmọ rẹ kú. Àwọn ọ̀wọ́ ìkẹyìn kò tí ì lọ."

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin ti dé ibẹ̀ rí?"

Ó ní, "Mo dé ẹnu bodè. Ẹ̀rù bà mí, mo padà. Mo ti ń padà láti ìgbà náà títí di òní." Ó yí ẹja kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì lórí iná. "Ìwọ lọ. Ṣùgbọ́n wíwò ni kí o lọ wò ó. Má ṣe gbìyànjú láti mú un bọ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ sílé, mo sì wá okùn.

Okùn àwọ̀n ni, èyí tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja ńlá kò lè já a. Mo wé e mọ́ ìbàdí lábẹ́ ẹ̀wù, mo sọ ọ̀bẹ sínú àpò, mo gbé ìbọn, mo sì jáde ní ìdájí ọjọ́ kejì, nígbà tí omi fà sẹ́yìn débi pé ẹrẹ̀ tí ojú ènìyàn kì í rí wà ní ìta gbangba, ó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja. Ọ̀nà kan la ẹrẹ̀ náà kọjá, iyanrìn funfun ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo tẹ̀lé e wọ àárín àwọn ẹ̀gbà. Bí mo ti ń lọ, àwọn igi náà ń ga sí i, gbòǹgbò wọn ga ju òrùlé ilé lọ, mo sì ń gba abẹ́ wọn kọjá bí èèrà tí ń gba abẹ́ àga. Ewé wọn ń kán omi iyọ̀, tí ó bá kán sí mi létè, bí omijé ni ó rí.

Ní ibi tí gbòǹgbò méjì ti pàdé bí ilẹ̀kùn, ohun kan dìde láti inú ihò. Láti ìbàdí lọ sókè, àgbà ọkùnrin ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Láti ìbàdí lọ sílẹ̀, akàn ni, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ó ní, ojú rẹ̀ méjèèjì sì dúró lórí ọ̀pá tín-ín-rín, tí ọ̀kan ń wo òkun tí èkejì ń wò mí. Dínàmásùn ni orúkọ rẹ̀, òun ni oníbodè.

Ó ní, "Ta ni ó ń tẹ ẹrẹ̀ mi mọ́lẹ̀?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Èmi Ọdẹ́jìmí ni, bàbá, ọdẹ Ebúté-Ìrọ̀rùn."

"Gbé ìbọn rẹ kalẹ̀. Ìbọn kò dún níbí rí, kò sì ní í dún lónìí."

Mo gbé e kalẹ̀. Ó fi ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ ọ sẹ́yìn.

"Ta ni o tìtorí rẹ̀ wá?"

"Ọmọ mi ni. Àwẹ̀ró."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó kí mi nígbà tí ó ń kọjá. Àwọn mìíràn a máa kígbe." Ojú rẹ̀ kejì yí kúrò lára òkun, méjèèjì sì tẹjú mọ́ mi. "Wíwò ni o wá wò ó ni, tàbí mímú ni o wá mú un?"

Mo ní, "Wíwò ni, bàbá."

"Ohùn rẹ ń gbọ̀n."

"Òtútù ni."

Ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Kọjá. Irọ́ tí o pa yìí, kì í ṣe èmi ni o pa á fún."

Mo kọjá pẹ̀lú ìtìjú. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ti purọ́ fún ọba rí kí n lè bọ́ nínú wàhálà, mo ti purọ́ fún àwọn oníbàárà mi nípa bí ẹran ti tóbi tó, kò dùn mí. Ṣùgbọ́n irọ́ tí ènìyàn ń pa nítorí ìfẹ́ léwu ju ìyẹn lọ, nítorí ẹni tí ń pa á kì í mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ń pè é ní ìtọ́jú, ó ń pè é ní ojú àánú. Ẹ máa yẹ ọwọ́ ara yín wò nígbà tí ẹ bá ní ẹ ń ṣe nǹkan fún ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ wò ó bóyá fún òun ni, tàbí fún ara yín.

Inú igbó náà dákẹ́ lẹ́yìn bodè. Mo rìn títí, kí n tó rí ọkùnrin kan tí ó ń bọ̀ lọ́nà mi, tí ó ń kọlu igi, tí ó ń dìde, tí ó tún ń kọlu òmíràn. Ó kọlu èmi náà. Nígbà tí mo gbé e dìde ni mo rí i pé iwájú orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́, kò sí ojú níbẹ̀; ẹ̀yìn orí ni ojú rẹ̀ wà.

Ó ní, "Má bínú, ará ilé. Ibi tí mo ti kọjá nìkan ni mo ń rí. Ojú-Lẹ́yìn ni wọ́n ń pè mí níbí. Mo ní orúkọ mìíràn nígbà kan."

Mo ní, "Kí ni ó ṣe yín?"

"Ìyàwó mi ni mo wá wò. Nígbà tí atẹ́gùn dé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gbéra, mo dì í lọ́wọ́ mú. Ó dúró tì mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò di ènìyàn padà, kò sì bá àwọn ẹyẹ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi jókòó níwájú mi, tí ó ń fẹ́lẹ́ sí i, tí ó ń fẹ́lẹ́ sí i, tí mo fi ń rí igi láti inú àyà rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, n kò rí i mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ibi tí mo ti dì í mú, kí n lè jọ̀wọ́ rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí á jọ padà sílé nígbà tí mo bá ti rí ọmọ mi."

Ó ní, "Ibo ni ilé wà? Ó wà níwájú. N kì í rí iwájú." Ó na ọwọ́ sí apá ọ̀tún. "Àwọn ọmọdé wà lórí ẹrẹ̀ gbalasa, lẹ́yìn igi tí ó wó yẹn. Yára. Atẹ́gùn kò ní í pẹ́ dé."

Ó ń kọlu igi lọ. Mo fi ọwọ́ kan okùn tí ó wà ní ìbàdí mi, mo sì ní nínú ara mi pé òun kò ní okùn, ọwọ́ lásán ni ó fi dì í.

Lẹ́yìn igi tí ó wó, igbó tán lẹ́ẹ̀kan náà, ìmọ́lẹ̀ sì kún ojú mi. Ẹrẹ̀ tẹ́ lọ títí dé etí ìgbì, tí oòrùn òwúrọ̀ ń ṣeré lórí rẹ̀, ẹyẹ sì bò ó. Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò rí irú rẹ̀ rí, n kò sì rí irú rẹ̀ mọ́. Àwọn òfú ńlá jókòó lórí omi bí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté; lékeléke tò ní funfun lórí igi; àwọn àlejò sì wà níbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn kékeré, àwọn elẹ́nu gígùn, gbogbo wọn ń jẹun láìsinmi, ìró wọn sì ń lọ sókè sódò bí ìró ọjà tí ènìyàn gbọ́ láti òkèèrè. Láàárín wọn ni àwọn ọmọdé wà, olúkúlùkù jókòó ti ọ̀wọ́ ẹyẹ kan.

Mo rí i. Ó jókòó lórí gbòǹgbò kan, ó fi ọwọ́ gbá orúnkún mọ́ra. Aṣọ tí ó wọ̀ ní ọjọ́ náà ni ó wà lára rẹ̀, ó sì gbẹ.

Mo pè é. Ó yíjú, ó wò mí fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tí ń wá orúkọ mi.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ pẹ́."

Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ mi nínú ẹrẹ̀. Mo ní, "Mo pẹ́, Àwẹ̀ró. Mo lọ pa ẹfọ̀n. Mo gba ẹ̀yìn ilé jáde kí o má bàa rí mi. Dárí jì mí."

Ó ní, "Mo rí yín. Mo wà lójú fèrèsé. Mo rò pé ẹ gbàgbé nǹkan, pé ẹ ń bọ̀." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sún lórí gbòǹgbò náà, ó fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ẹ jókòó. Wọn kò tí ì lọ."

Mo jókòó. Báyìí ni èmi àti ọmọ mi ṣe wo ẹyẹ. Ó ń fi ìka hàn mí, mo sì ń wò, èmi tí mo ti ń wo ẹyẹ láti kékeré lójú ẹnu ìbọn nìkan, tí n kò mọ̀ ju ibi tí ọta yóò bà lọ. Ó fi Onídòjé kan hàn mí tí ó ń ti ẹnu bọ ihò akàn, tí ó ń yí orí bí ẹni tí ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Ó fi àwọn Sáfómi hàn mí, bí ogún wọn ṣe ń sá lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹsẹ̀ wọn kò sì kan ara wọn. Ó ní Aránṣọ kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gé, pé òun ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà tí òun ti dé, pé ó ń jẹun ju àwọn yòókù lọ nítorí ó mọ̀ pé ọ̀nà yóò le fún òun. A rẹ́rìn-ín sí Jábọ́ kan tí ó já lulẹ̀ nígbà mẹ́rin tí kò rí ẹja. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ń lọ. Ó ní òun kò mọ̀, pé wọ́n sọ fún òun pé ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí oòrùn kì í fẹ́ wọ̀ ní àkókò yìí, pé ibẹ̀ ni ìtẹ́ wọn wà.

Ní gbogbo ìgbà tí a ń wò yìí, ẹ̀yin ènìyàn mi, ọwọ́ mi wà lábẹ́ ẹ̀wù, mo ń tú okùn. Mo dì í ní ojóbó. Nígbà tí ó na ọwọ́ sí apá òkè láti fi ọ̀wọ́ kan hàn mí, mo fi ojóbó náà bọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo sì so orí okùn kejì mọ́ tèmi.

Ó wo okùn náà. Ó wo ojú mi.

Ní nǹkan bí àkókò tí àwọn àgbẹ̀ ń padà láti oko fún oúnjẹ ọ̀sán, atẹ́gùn dé. Ó ti ẹ̀yìn òkun wá, ó lọ́wọ́ọ́rọ́, ó ní òórùn òjò. Ìró àwọn ẹyẹ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbé orí sókè, ọ̀wọ́ kan sì dìde bí aṣọ tí ẹnìkan gbọ̀n, ó yí lẹ́ẹ̀kan lórí omi, ó sì kọjú sí àríwá. Bí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ti ń dìde, ọmọ tí ó jókòó tì í a dìde pẹ̀lú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a kúrò nínú ẹrẹ̀, a sì fúyẹ́, a sì lọ. Wọn kò sunkún. Àwọn kan ń juwọ́ sí ara wọn.

Ọ̀wọ́ ti Àwẹ̀ró dìde. Òun náà dìde. Okùn náà fà le.

Ó ní, "Bàbá mi, ó ń dùn mí."

Mo ní, "Fara dà á díẹ̀. A ń lọ sílé. Ìyá rẹ ń dúró dè ọ́."

Ọ̀wọ́ náà yí lórí wa lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì. Wọn kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ń lo agbára tí wọ́n fi gbogbo oṣù kó jọ, ẹlẹ́sẹ̀ kan yẹn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀ sẹ́yìn. Àwẹ̀ró kò bá mi jìjàkadì. Ó dúró nínú afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n apá kan sí mi, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tí oòrùn sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, mo rí ojú omi láti inú èjìká rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́."

Ohun tí ó ti tọrọ lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ tí mo ti bí i kò pọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo lè kà á lórí ìka. Mo fa ọ̀bẹ yọ. Ọ̀bẹ tí mo fi ń họ awọ ẹkùn ni, ó mú, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé mo ń fi í gé irin, nítorí ọwọ́ mi kò fẹ́. Mo gé e. N kò gbọ́ ìró kankan. Ó lọ sókè, ó wọ àárín àwọn ẹyẹ rẹ̀, mo sì wo ọ̀wọ́ náà títí ó fi dà bí èéfín, títí ó fi dà bí èérí ojú, títí kò fi sí mọ́. Òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí kán.

N kò mọ bí mo ṣe padà la igbó kọjá. Mo bá Ojú-Lẹ́yìn pàdé, mo pè é, ó ní òun kò tí ì rí ibẹ̀. Ní bodè, Dínàmásùn kò sí níta, ìbọn mi nìkan ni ó wà nílẹ̀, ó ti dípẹtà débi pé igi ìdí rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Lójú mi, ọjọ́ kan ni mo lò. Nígbà tí mo dé ìlú ní ọ̀sán, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni, wọ́n sì ti ń jíròrò bí wọn yóò ṣe ṣe òkú mi. Mo kọjá láàárín wọn lọ sílé. Àyìnkẹ́ jókòó ní ẹ̀yìn ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó gbójú sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó wo ojú mi láti ọjọ́ náà.

Mo ní, "Mo rí i."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ ọ́ fún yín, títí kan okùn, títí kan ẹ̀yìn ilé tí mo gbà jáde.

Ó ní, "Ṣé òtútù ń mú un?"

"Rárá. Oòrùn wà níbẹ̀. Aṣọ rẹ̀ sì gbẹ."

"Ṣé ó rù?"

"Ó rí bí ó ti rí."

"Ṣé ó bínú sí yín?"

"Ó ní mo pẹ́."

Ó wo ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kò sọ̀rọ̀ èmi?"

Mo ní, "Kí ni yóò sọ nípa rẹ?"

Ó ní, "Èmi ni mo ní kí ó mú àjẹ̀ tí a fi ń tu ọkọ̀. Ó wá bá mi nídìí ààrò, ó ní, 'Ìyá mi, bàbá mi kò padà mọ́.' Ó ń sunkún, ẹja wà lórí iná mi, ooru ń mú mi. Mo ní kí ó mú àjẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ó lọ wò wọ́n, kí ó jẹ́ kí n ráyè. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Kí ó jẹ́ kí n ráyè." Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ojoojúmọ́ ni mo ń dúró kí ẹ bi mí pé ta ni ó fún un ní àjẹ̀. Bí ẹ bá wọlé, mo ń jáde kí ẹ má bàa bi mí. Ẹ kò bi mí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi tí mo ti la Igbó Ìdágbére kọjá, tí mo ti bá oníbodè sọ̀rọ̀, n kò mọ ohun tí ó wà nínú yàrá tí mò ń sùn. Mo rò pé ó ń dá mi lẹ́bi. Òun náà rò pé bí mo bá mọ̀, n óò lé òun jáde. Mo sún mọ́ ọn láàárín èèpo, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì sunkún, ẹkún tí ó yẹ kí á ti jọ sun láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó tán, mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a bó èyí tí ó kù.

Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. N kò ní í sọ fún yín pé ìbànújẹ́ náà tán, nítorí kò tán. Ó bá wa gbé, ó bá wa jẹun, ó sì bá wa darúgbó. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ni a jọ ń gbé e. Nítorí náà, bí ikú bá wọ ilé yín, ẹ̀yin ọkọ àti ìyàwó, ẹ má ṣe fi dídákẹ́ dá ara yín lẹ́jọ́. Ẹ jókòó, kí ẹ bi ara yín ní ohun tí ó ń bẹ nínú yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ìdáhùn náà ń bà yín. Oòrùn ti bọ́ sí ẹ̀yìn òrùlé. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé, bí ẹnìkan nínú yín bá sì ti ṣèlérí kan fún ọmọ rẹ̀ fún ọ̀la, kí ó jọ̀wọ́ gba iwájú ilé jáde.